Kí Gbèsè Fóònù Má Pẹ́ Ju Fóònù Lọ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ti ẹ̀ka wa

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iṣẹ́ òru tí ẹ kò tíì lọ sùn, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tí ẹ ó wọlé ní agogo méjì ọ̀sán, a kò ní fi ọ̀rọ̀ dá yín dúró títí wọn yóò fi ti géètì mọ́ yín.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ló ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ilé oúnjẹ wa: nínú fóònù Android àti iPhone, èwo ni kí òṣìṣẹ́ rà? A mọ̀ pé àwọn kan yóò máa rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú irú fóònù tí ènìyàn gbé sápò. A ó dé ibẹ̀. Kí ẹ má sì rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n ló dúró níwájú yín. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a lọ, ti alẹ́ ni a fi kún un nígbà tí a ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n a béèrè, a kà, a sì ti fi owó ara wa kọ́gbọ́n. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹ rántí pé ara pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ni wọ́n ti máa ń lẹ ìwé tó ń sọ ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ àárọ̀ àti ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ òru. Káàdì ni a sì fi ń sàmì ìgbà tí a wọlé. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọ̀gá ní kò sí pátákó mọ́, kò sí káàdì mọ́. Wọ́n ní inú áàpù kan ni kí olúkúlùkù ti máa wo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ni kí ó ti máa tẹ̀ ẹ́ pé òun ti dé. Áàpù náà kò sì gba fóònù tí ètò inú rẹ̀ bá ti gbó.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Bàbá kan wà ní ẹ̀ka bọ́ílà, ẹni tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún níbi iṣẹ́ yìí. Fóònù bàbá kò gba áàpù náà. Ọjọ́ mẹ́ta ló wá, ó dúró ti iná, òógùn bò ó. Nígbà tí oṣù parí, ìwé owó oṣù ní kò wá. Wọ́n yọ owó ọjọ́ mẹ́ta.

Arábìnrin wa kan ní ẹ̀ka ìdìpọ̀ kò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣe òun. Ó sáré lọ gba fóònù kan ní ìsọ̀ kan lórí gbèsè oṣù 18. Wọ́n ní tuntun ni, ọ̀rá wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjà tó ti pẹ́ lórí àtẹ ni, ètò inú rẹ̀ ti gbó kí ó tó jáde nínú páálí. Nígbà tó di oṣù keje, áàpù ilé-iṣẹ́ yí padà, ó ní òun kò bá fóònù náà ṣe mọ́. Ẹni tó ṣe fóònù kò sì fi ètò tuntun ránṣẹ́ sí i láti ọjọ́ tó ti tà á. Gbèsè oṣù 11 ló kù lọ́rùn obìnrin yìí, lórí ohun tí kò lè fi sàmì pé òun dé ibi iṣẹ́. Fóònù ti kú, gbèsè wà láàyè.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń rọ́ lọ bá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa pé kí ó yá àwọn lówó fóònù. Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí kò bá lo iPhone kò tíì lo fóònù." Àwọn àgbà ń dá wọn lóhùn pé, "iPhone tí o gbé dání tí kò sí dátà nínú rẹ̀ ńkọ́?" A rẹ́rìn-ín títí ilé oúnjẹ fẹ́ ya. Ṣùgbọ́n owó tó wà nínú àpótí aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. Òógùn gbogbo wa ni.

Kí ni Android, kí ni iOS?

Ẹ jẹ́ ká fi ibi iṣẹ́ wa ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀rọ wà nílẹ̀, iná wà, òṣìṣẹ́ wà. Síbẹ̀ bí kò bá sí fọ́mánù tó ń sọ pé kí eléyìí bẹ̀rẹ̀, kí tọ̀hún dúró, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn, rúdurùdu ni yóò wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni inú fóònù rí. Bátìrì, ojú fóònù, ohun tó ń ya fọ́tò àti èyí tó ń gba ohùn, ẹ̀rọ ni wọ́n. WhatsApp àti áàpù báǹkì, òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ètò tó ń darí gbogbo wọn ni fọ́mánù. Òun ló ń pinnu áàpù tó lè gbọ́ ohùn rẹ, èyí tó lè ka nọ́ńbà àwọn ènìyàn rẹ, àti èyí tí kò gbọdọ̀ wọlé rárá.

Fọ́mánù inú iPhone ni wọ́n ń pè ní iOS. Apple ní Amẹ́ríkà ló ni ín, kì í yá ẹnikẹ́ni. Fọ́mánù inú Samsung, Tecno, Infinix, itel àti Xiaomi ni Android, Google sì ni olórí àwọn tó ń ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá bi wá pé Tecno ló dára ni àbí Android, kò tíì mọ ohun tó ń béèrè. Tecno ni orúkọ ilé, Android ni fọ́mánù inú rẹ̀. Ẹ tún jẹ́ kí a sọ ọ́ fún yín pé Tecno, Infinix àti itel tí ẹ fi ń bára yín jiyàn, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n: ilé-iṣẹ́ Transsion ní Shenzhen, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí wọ́n ti wá, àti àwọn tó ti lọ

Àwọn méjèèjì kò pẹ́ láyé bí a ti ń rò. Ní 2003 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kékeré Android sílẹ̀ ní California. Google rà á ní 2005. Ní oṣù kìíní 2007 ni Steve Jobs gbé iPhone àkọ́kọ́ jáde fún aráyé wò ní San Francisco, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá 2007, àwọn ilé-iṣẹ́ 34 tí Google ṣáájú wọn kéde pé Android yóò jẹ́ ètò tí ẹni tó bá ń ṣe fóònù lè mú lò láìra á. Fóònù Android àkọ́kọ́ dé ọjà ní 2008. Orí Linux ni wọ́n kọ́ ọ lé, ètò kan tí Linus Torvalds, ọmọ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti bá a dá sí láti ìgbà náà. Iṣẹ́ àfọwọ́sowọ́pọ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ wa nínú, ẹ ó gbà fún wa.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ti lọ ló yẹ kí a fi kọ́gbọ́n jù. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, ta ni kò fẹ́ gbé Nokia dání? Lẹ́yìn náà ni àwọn N70 dé, tí ètò Symbian wà nínú wọn. Ó dà bí ẹni pé ayé ti parí síbẹ̀. Ní oṣù kejì 2011, Nokia fúnra rẹ̀ kéde pé òun yóò fi Symbian sílẹ̀, òun yóò lo Windows ti Microsoft. Microsoft ra ẹ̀ka fóònù Nokia ní 2014. Ètò Windows tó wà fún fóònù náà kò ríbi dúró sí: ní oṣù kìíní 2020, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró.

BlackBerry ńkọ́? Ẹ kò ní sọ pé ẹ ti gbàgbé ìgbà tí gbogbo ọ̀dọ́ Èkó àti Ìbàdàn ń fún ara wọn ní "pin", tí ẹni tí kò ní i kò lè bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní 2022, ilé-iṣẹ́ BlackBerry dáwọ́ ohun tó ń gbé ètò wọn àtijọ́ ró dúró. Fóònù tó ti ná ènìyàn lówó rẹpẹtẹ, kò dájú mọ́ pé ó lè fi pe ẹnikẹ́ni.

Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀ẹ̀mí. Ẹni tó bá ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà nítorí Android tàbí iPhone, kí ó rántí àwọn tó jà nítorí Nokia àti BlackBerry. Ìjà ti parí, kò sí ẹni tó jèrè nínú wọn.

Ta ló ń san owó oṣù fọ́mánù?

Àwa òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ pé ẹni tó ń san owó oṣù fọ́mánù ni fọ́mánù ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú yẹn wo àwọn méjèèjì.

Apple, fóònù ló ń tà. Owó tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, ó gbà á lọ́jọ́ tí o ra fóònù. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè dúró pé òun kò ní jẹ́ kí áàpù máa tọ ẹsẹ̀ rẹ kiri: láti 2021, áàpù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ kí ó tó lè máa ṣọ́ ọ láti inú áàpù kan bọ́ sí òmíràn. Èyí dára. Ṣùgbọ́n Apple kan náà ló ń gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà nínú áàpù, àti ìdá 15 lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké láti 2021. Apple kan náà ló jẹ́wọ́ ní oṣù kejìlá 2017 pé òun ń mú kí iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó máa rìn jẹ́jẹ́. Ó ní nítorí kí ó má baà máa kú lójijì ni, ṣùgbọ́n kò là á yé àwọn tó ni fóònù. Ní 2020, ó gbà láti san owó tó lè tó 500 mílíọ̀nù dọ́là láti fi parí ẹjọ́ náà ní Amẹ́ríkà.

Google ńkọ́? Ìpolówó ọjà ló fi ń jẹun. Ó fi Android fún àwọn tó ń ṣe fóònù, nítorí pé bí fóònù bá ṣe pọ̀ tó ni ojú tí yóò rí ìpolówó yóò ṣe pọ̀ tó. Ní 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bu ìtanràn 4.34 bílíọ̀nù yúrò lé e lórí, nítorí pé ó ń fi ipá mú àwọn tó ń ṣe fóònù láti fi ohun ìwákiri rẹ̀ sínú fóònù wọn. Ilé ẹjọ́ dín in kù díẹ̀ ní 2022, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ̀bi náà sílẹ̀ sí i lọ́rùn.

Kí ẹ má sì gbàgbé àwọn òṣìṣẹ́ bí tiwa tó ń to fóònù pọ̀. Ní 2010, ní ọgbà iṣẹ́ Foxconn ní Shenzhen, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọjà fún Apple àti fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ tó lé ní mẹ́wàá ló bẹ́ láti orí ilé gíga, tí wọ́n sì kú. Àwọ̀n ni wọ́n wá ta sí ara ilé. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ìyá òṣìṣẹ́. Ọjà ni wọ́n. Ojú ọjà ni ká fi wò wọ́n.

Ohun tó dára lára iPhone, àti èyí tó ń dun ni

Ẹ jẹ́ ká fún ẹni tó yẹ ní ìyìn. Ilé kan ṣoṣo ló ń ṣe iPhone àti ètò inú rẹ̀. Nígbà tí àtúnṣe bá jáde, lọ́jọ́ kan náà ni ó ń dé Amẹ́ríkà àti Ìkẹjà. iPhone 6s tó jáde ní 2015 ṣì gba ètò tuntun iOS 15 ní 2021. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ wa rí. Wọ́n tún rí i pé bí ènìyàn bá lo iPhone ọdún mẹ́ta, ó ṣì lè tà á ní owó gidi. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìṣírò. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí wọ́n fi ṣòfin ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó ń gba iye yẹn, bí kò bá jẹun, tí kò wọ ọkọ̀, tí kò san owó ilé, yóò tó oṣù 14 kí ó tó kó ₦980,000 jọ. iPhone tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sì ti kọjá mílíọ̀nù kan náírà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Kò sí iPhone kankan tó gba káàdì mẹ́mórì láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju síìmù kan tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kì bọ̀ ọ́. Àwa tí a ní láti gbé síìmù méjì nítorí pé ọ̀kan kò fà ní ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí, a mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ẹ tún gbọ́ tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkàn wa fà sí iPhone, owó tuntun kò sí, a ra tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Oṣù mẹ́ta ni a fi ń gbé e kiri bí ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ kan ó ń ṣe ségesège, ẹnì kan ní kí a pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ kí a tún un bẹ̀rẹ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tan, ó ní kí a tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni tó ni ín. Ẹni tó ni ín kẹ̀? Ẹni tí a kò rí rí, tó wà ní òkè òkun, tí kò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò kí fóònù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀! Apple ti fi ìtìpa yẹn sí i láti 2013 kí olè má baà jèrè fóònù tó jí. Ó tọ́ fún olè. Ṣùgbọ́n àwa tí kò jalè ni ó tì síta. A padà lọ bá ọkùnrin náà, ìsọ̀ rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà. Owó oṣù méjì wa lọ síbẹ̀. A kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nílé títí di òní, ìyàwó wa yóò sì kà á nínú ìwé ìròyìn yìí.

Ohun tó dára lára Android, àti ibi tí ó ti ń bu ni jẹ

Android ní àkàbà tó gùn. Ẹni tó ní owó kékeré rí tirẹ̀, ẹni tó ní púpọ̀ náà rí tirẹ̀. Síìmù méjì wọ inú ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú gba káàdì mẹ́mórì, bátìrì wọn sì máa ń gbé ènìyàn la iṣẹ́ òru já. Bí ojú wọn bá fọ́, ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní ìdí ibùdókọ̀ lè rí òmíràn fi sí i ní owó tí kò pa ènìyàn.

Ibo ló ti wá ń bu ni jẹ? Níbi àtúnṣe ni. Google lè ṣe ètò tuntun lónìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ilé tó ṣe fóònù ni ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí ilé náà bá ti gba owó rẹ tán tí ó sì ti gbé fóònù mìíràn jáde, kí ló kàn án? Ó dà bí ìgbà tí olú-iṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́, tí máníjà ẹ̀ka fi ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ohun tó ṣe arábìnrin wa ní ẹ̀ka ìdìpọ̀ nìyẹn.

Nǹkan ti ń yí padà o. Ní oṣù kẹwàá 2023, Google ṣèlérí àtúnṣe ọdún 7 fún Pixel 8. Ní oṣù kìíní 2024, Samsung ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24. Ní oṣù kẹfà 2025, òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yúróòpù pé ẹni tó bá ń ta fóònù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pèsè àtúnṣe ètò fún ó kéré tán ọdún 5 lẹ́yìn tó bá dáwọ́ títà rẹ̀ dúró. Òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn fóònù olówó ńlá ni ìlérí ọdún 7 náà sì kọ́kọ́ bá. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè ṣe é.

Ohun kejì ni àwọn áàpù tó ń gba ẹ̀yìn wọlé. Android gbà kí ènìyàn mú áàpù láti ibi tí kì í ṣe ilé ìtajà Google. Òmìnira ni, ṣùgbọ́n òmìnira tí olè náà mọ̀. Ẹ mọ àwọn áàpù ayánilówó tó ń ka gbogbo nọ́ńbà inú fóònù, tí ènìyàn bá fi ọjọ́ kan pẹ́ láti san, wọn yóò kọ̀wé sí pásítọ̀ tàbí ìmáàmù rẹ̀, wọn yóò kọ̀wé sí àna rẹ̀ pé ọ̀daràn ni. Ní 2023, Google fi òfin dè é pé áàpù ayánilówó tó wà ní ilé ìtajà òun kò gbọdọ̀ ka nọ́ńbà tàbí fọ́tò ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp kò gba iwájú Google kọjá. Ẹ má fi sínú fóònù tí áàpù báǹkì yín wà.

Ohun tó yẹ kí a bi ẹni tó ń tà á

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, "Android tàbí iPhone" kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ máa béèrè, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀.

Èkínní: ìgbà wo ni ẹni tó ṣe é yóò dáwọ́ àtúnṣe dúró? Ẹ wo ìlérí ilé náà fúnra rẹ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á. Lórí Android, ẹ wọ inú "Settings", ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ nípa fóònù, ẹ ó rí nọ́ńbà Android àti ọjọ́ àtúnṣe ààbò tó dé gbẹ̀yìn. Bí ọjọ́ náà bá ti lé ní ọdún kan, ẹ dá a padà fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Kì í ṣe áàpù ibi iṣẹ́ nìkan ni yóò kọ̀ yín. Ní oṣù kẹwàá 2023, WhatsApp kọ gbogbo Android tó wà nísàlẹ̀ 5.0. Ní oṣù karùn-ún 2025, ó kọ iPhone tí kò bá lè gba iOS 15.1, títí kan iPhone 6 tí wọ́n fi ń ṣe fáàrí ní 2014. Ẹ rí i pé kò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Èkejì: ta ni yóò tún un ṣe, èló ni? Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò yín ní iye ojú àti bátìrì rẹ̀ kí ẹ tó ra fóònù. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ iPhone, kí ẹ wo ìlera bátìrì nínú "Settings", kí ẹni tó ń tà á sì pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kí ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí a bá mọ èyí tẹ́lẹ̀ ni, a kò ní sunkún oníbàtà.

Ẹ̀kẹta: bí mo bá fẹ́ kó kúrò, ṣé mo lè kó ẹrù mi? Ẹni tó ń lọ láti Android sí iPhone kò lè kó ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ̀ dání títí di 2022. Áàpù tí ènìyàn fi owó rà ní ọ̀dọ̀ ọ̀kan kò bá a dé ọ̀dọ̀ èkejì. Bí ẹni tó kó ilé tí onílé di fèrèsé mú ni.

Bí ẹ bá ní kí a sọ ojú abẹ níkòó, ohun tí àwa rò nìyí. Fún púpọ̀ nínú wa, Android tí ilé rẹ̀ ti kọ ìlérí àtúnṣe ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ ló yẹ wá, kì í ṣe èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ. Ẹni tó bá ní owó iPhone lọ́wọ́, kí ó rà á, kò sí ẹni tí yóò bá a jà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi gbèsè ra ògo.

Ibi tí ẹgbẹ́ dúró sí

A ti ṣèlérí pé a ó sọ ohun tó kan ẹgbẹ́. Bí ọ̀gá bá gba káfíńtà síṣẹ́, tí ó ní kí ó máa fi áyùn ilé-iṣẹ́ ṣiṣẹ́, ọ̀gá ni yóò ra áyùn. Bí fóònù bá ti di ohun tí òṣìṣẹ́ kò lè wọlé láìní i, fóònù ti di irinṣẹ́ nìyẹn, kò yàtọ̀ sí bàtà ààbò àti ìbọ̀wọ́. Kì í ṣe gbèsè òṣìṣẹ́. A ti bá àwọn ọ̀gá jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti dá owó ọjọ́ mẹ́ta padà fún bàbá wa ní ẹ̀ka bọ́ílà, ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n pátákó kò tíì padà sí ara géètì, àwa kò sì tíì dákẹ́.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ gbé ohun mẹ́ta síwájú yín láti dìbò fún. Ìkínní, kí pátákó àti káàdì padà fún ẹnikẹ́ni tí fóònù rẹ̀ kò gba áàpù, kí a má sì yọ owó ẹnikẹ́ni nítorí fóònù. Ìkejì, bí àwọn ọ̀gá bá fẹ́ kí áàpù dúró, kí wọ́n pèsè ohun tí a ó fi lò ó ní géètì, tàbí kí wọ́n san owó rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ yí i padà, kí wọ́n kọ́kọ́ fi tó ẹgbẹ́ létí. Ìkẹta, kí aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa má yá owó fóònù fún ẹnikẹ́ni ní iye oṣù tó ju èyí tó kù nínú ìlérí àtúnṣe fóònù náà lọ, ì báà jẹ́ Android, ì báà jẹ́ iPhone. Ẹ jẹ́ ká fi òfin kan yìí sílẹ̀: kí gbèsè fóònù má pẹ́ ju fóònù lọ. Ẹni tó bá jẹ gbèsè ohun tó ti kú kò ní lè yá owó ìwé ọmọ rẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ìlà náà kò sì ní rí owó yá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ran àwọn àgbà lọ́wọ́ láti wo ọjọ́ àtúnṣe inú fóònù wọn lónìí, kí ẹ tó kúrò níbí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má fi ìtìjú pa ara yín, ẹ gbé fóònù fún wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nípa ti arábìnrin wa ní ẹ̀ka ìdìpọ̀, akápò ní àpò kan lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ẹ bá ní, ẹ jù ú síbẹ̀, kí oṣù 11 yẹn lè fúyẹ́ lọ́rùn rẹ̀.

Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Alága, ó kù sí yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ìdìbò bẹ̀rẹ̀.